Ó Ku Ẹnì Kan

Ọwọ́ Moríyọ̀ ti wọ inú ìrẹsì dé ọrùn-ọwọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Isikan. Ó bù ú kún igbá kékeré náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí rẹ̀ dọ́gba, ó dà á sínú ọ̀rá. Igbá mẹ́rin fún orí kan. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Ràṣídì, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn ò kún. Sàká ni, kì í ṣe ọjà."

"Mo ti gbọ́, Ìyá."

Láti ọdún mẹ́rìnlá tí Moríyọ̀ ti wọ ilé yìí, Ìyá Ràṣídì fúnra rẹ̀ ló máa ń wọn ìrẹsì sàká láàárọ̀ Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, òun nìkan, kí àwọn ará ilé tó jí. Lọ́dún yìí, làkúrègbé ti gba ọwọ́ rẹ̀. Ìrẹsì pàápàá kò pọ̀. Nǹkan ti le tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn á béèrè iye kóńgò ìrẹsì kan, tí á sì rọra kọjá bí ẹni tí kò béèrè. Gàrí ni wọ́n fi ṣínu lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ààwẹ̀ náà, kí èyí tó wà nínú ọpọ́n yìí tó lè ṣẹ́ kù.

Ṣùgbọ́n Oǹdó, lọ́dọ̀ ìyá tó bí i, ni ọkàn Moríyọ̀ wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, rédíò kéde pé wọ́n ti rí oṣù. Àwọn ọmọ hó yèè. Òun nìkan ló yíjú sí kàlẹ́ńdà ara ògiri, níbi tí ó ti fi bírò yí Mọ́ńdè po. Bí ó ti ṣírò rẹ̀ nìyẹn: Ọjọ́ Àwọn Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ̀ ní Sọ́ńdè, ọdún àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Oṣù wá yọ ní ọjọ́ kan ṣáájú ìṣirò rẹ̀, ó kó méjèèjì lé orí Sọ́ńdè.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ̀, tí Ọjọ́ Àwọn Ìyá bá kò, ìyá kọ̀ọ̀kan á kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sórí bébà, á ká a, á jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń gbé kiri. Fíkà, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì náà, á wá pe àwọn orúkọ náà níwájú pẹpẹ, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Akínsànyà, ẹ̀gbọ́n Moríyọ̀, ló máa ń kọ ọ́ fún ìyá wọn. Ṣùgbọ́n Akínsànyà ti bá àwọn tó ń sá fún ìyà lọ sí òkè òkun. Lọ́dún tó kọjá, ojú ti ìyá wọn láti bẹ ẹlòmíràn. Ó ká bébà òfìfo, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n pe ọmọ gbogbo ìyá, wọn ò pe tirẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ fún Moríyọ̀ lórí fóònù, ẹ̀rín ló fi sọ ọ́.

"Ọlọ́run ṣáà mọ̀wé ju Fíkà lọ."

Ẹ̀rín náà gùn ju bó ti yẹ lọ.

Moríyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n wà lóko kòkó ní Bọ́lọ́rundúró, agbára òbí wọn ò ju ilé ìwé ọmọ kan lọ, Akínsànyà ni wọ́n sì rán. Òun ń ká kòkó. Ọdún méjì sẹ́yìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé, ní kíláàsì àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò. Bẹ́ǹṣì ọmọdé ni wọ́n ń jókòó lé, orúnkún rẹ̀ a sì máa gbún tábìlì lábẹ́. Ó kọ́ ọ títí tó fi lè kọ orúkọ gbogbo ẹni tó mọ̀.

"Màámi," ó ti sọ lórí fóònù lọ́jọ́ náà, "tó bá tún dẹ̀yìí lọ́dún tó ń bọ̀, èmi ni màá kọ ọ́."

Ìyá rẹ̀ ní, "Màá máa retí rẹ."

Ọdún tó ń bọ̀ náà ló dé yìí. Fóònù ìyá náà sì ti kú láti Ọjọ́bọ̀, nítorí wọn ò rí iná. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè sọ fún un pé oṣù ti yọ.

"Jẹ́ kó di àmọ́dún," Ràṣídì, ọkọ rẹ̀, ti sọ fún un lánàá, ohùn rẹ̀ kò le. "Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ á dé lọ́jọ́ ọdún, wọn ò ní bá ìyàwó ilé. Kí n wá sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀ṣì ló lọ?"

Ìyá Moríyọ̀ ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ta ló ni àmọ́dún? Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n ní kí ẹni tó ní ìyá méjì ṣe.

Ó da igbá kẹrin orí kẹfà sínú ọ̀rá. Ìyá, Ràṣídì, òun fúnra rẹ̀, Àbídèmí, Táyé, Kẹ́hìndé. Ó gbọn ọwọ́.

"Ó ku orí kan," ni Ìyá Ràṣídì wí.

"Ó ti pé, Ìyá. Ẹni mẹ́fà ni wá."

"Mo ní ó ku orí kan."

Moríyọ̀ kò tíì rí i kí ìyá yìí ṣì nǹkan kà rí. Ó rọra jókòó lórí gìgísẹ̀ rẹ̀, ó sì béèrè bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ lójú oorun.

"Ta ni keje, Ìyá?"

"Ìyá rẹ."

"Ìyá mi ti Oǹdó?"

"O ní òmíràn ni?" Ìyá Ràṣídì tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Nígbà tí o bí Àbídèmí nínú ààwẹ̀, tí ìyá rẹ wá ń wẹ ọmọ, ta ló ń dáná sààrì fún mi? Ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní òun ni yóò máa jí. Ibà lọ tán, kò yé jí. Kì í gba ààwẹ̀ o! Á kàn wá máa lu ilẹ̀kùn mi: 'Ìyá Ràṣídì, ẹ dìde ẹ wá jẹun, Ọlọ́run yín ò ní dúró dè yín.'" Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. "Ìyá rẹ lẹ́nu. Ó ní n ò mọ ẹ̀fọ́ sè. Nínú ilé mi! Ṣùgbọ́n ẹni tó dáná sààrì fún mi títí oṣù fi yọ, orí rẹ̀ wà nínú orí ilé mi. Ọdọọdún ni mo ń bù ú."

"Àfáà mọ̀ sí i?"

"Àfáà ní a kì í yọ sàká fún ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa. Mo ní kó jẹ́ sàráà nígbà náà, kí málékà gbé e síbi tó bá wù ú." Ó na ìka tí kò ṣeé ká dáadáa mọ́ sí ọpọ́n. "Bù ú. Kí ó kún."

Moríyọ̀ bù ú. Nígbà tó kan igbá kẹta, kò rí ẹnu igbá náà dáadáa mọ́.

"Kí ló ti ń dùn ọ́ láti àná?"

Ó sọ ọ́. Ó sọ ti apẹ̀rẹ̀, ó sọ ti ìlérí rẹ̀, ó sọ ti bébà òfìfo.

"Òfìfo?" ni Ìyá Ràṣídì béèrè. Òun náà kò mọ̀wé. "Wọn ò sì pe ọmọ rẹ̀ kankan?"

"Wọn ò pè wá."

"Tí a bá kírun tán, láti Yídì ni kó o ti mú ọ̀nà Oǹdó pọ̀n."

"Oúnjẹ ńkọ́? Àwọn àlejò?"

"Ọwọ́ ló ń dùn mí, ẹnu ò dùn mí. Màá máa pàṣẹ, Àbídèmí á máa sè é."

"Bàbá Àbídèmí ò fẹ́, Ìyá."

"Ràṣídì? Ràṣídì tí mo bí?" Ó fi ọwọ́ ti orúnkún, ó ń gbìyànjú láti dìde. "Wọ́n ní abẹ́ ẹsẹ̀ ìyá ni àlùjánnà wà. N ò tíì gbọ́ pé wọ́n yọ ẹsẹ̀ ìyá ti Oǹdó sílẹ̀."

Ní ẹnu ọ̀nà Yídì, lẹ́yìn tí wọ́n ti wẹ̀, tí wọ́n ti múra, Moríyọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀rá keje. Ó tú u sínú abọ́ opó arúgbó kan tó jókòó sábẹ́ igi. Ìrẹsì náà ṣàn bí omi, díẹ̀ ta sí apá aṣọ rẹ̀. Opó náà ṣe àdúrà fún ẹni tó ni sàráà náà láìmọ orúkọ rẹ̀, Moríyọ̀ sì ṣe àmín bí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ fún ẹlòmíràn.

Bí wọ́n ti kírun tán, ó rí Ràṣídì lórí ọ̀kadà rẹ̀, ó ti ká agbádá ọdún sórí èjìká. Epo tó ti ń tọ́jú láti ọ̀sẹ̀ kan kó lè fi kí àwọn ẹbí ló wà nínú ọ̀kadà náà.

"Gùn ún," ló wí, kò wo ojú rẹ̀. Ní gáréèjì, ó ní, "Bá mi kí Màámi." Ó ti fẹ́ yí ọ̀kadà padà kó tó fi kún un pé, "Kọ orúkọ mi kó gún o. O máa ń kọ ọ́ bí ẹni tó ń sá eré."

"Oǹdó! Oǹdó! Ó ku ẹnì kan!" ni ọkùnrin tó ń pe èrò ń ké. Moríyọ̀ wo inú mọ́tò: ènìyàn méjì péré ló wà níbẹ̀. Nígbà tó wọlé, ọkùnrin náà ṣì ń ké pé ó ku ẹnì kan. Aago mẹ́wàá kọjá. Dẹ́rẹ́bà yíjú wo híjáàbù rẹ̀.

"Àlùhájà, ẹ̀ ń sá fún ọdún ni?"

"Mo ti ṣe tèmi. Ti ìyá mi ló kù."

"Àwọn náà ń ṣọdún lónìí?"

"Lónìí náà ni."

"Ọdún wá pọ̀ lónìí, owó ni ò pọ̀," ni dẹ́rẹ́bà wí, àwọn tó wà nínú mọ́tò sì rẹ́rìn-ín. Ó tó wákàtí kan kí ẹnì kan tó kù náà tó kù ní tòótọ́, kí mọ́tò tó gbéra. Gbogbo ojú ọ̀nà, nínú gbogbo kòtò rẹ̀, Moríyọ̀ ń fi ìka kọ orúkọ sórí itan rẹ̀.

Ìwàásù ti parí nígbà tó dé. Láti ìta ló ti ń gbọ́ orin. Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí kò tíì gun àtẹ̀gùn yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lọ́ra níbẹ̀. Obìnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Àlùhájà, ta lẹ̀ ń wá?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Ìyá ni gbogbo wa wá wá lónìí," ni obìnrin náà wí, ó sì sún sẹ́yìn fún un.

Ó rí i lẹ́bàá òpó, ní bẹ́ǹṣì kẹta. Ara rẹ̀ ti kéré sí ti ìgbà tí wọ́n ríra kẹ́yìn. Bébà funfun kan wà lórí itan rẹ̀. Bírò wà lórí bébà náà, bírò tuntun tí ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí. Ẹni tí kò lè kọ ohunkóhun ló lọ ra bírò. Apẹ̀rẹ̀ ti dé bẹ́ǹṣì kejì.

Moríyọ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ yíjú, ó rí i, ó fi etí híjáàbù náà nu òógùn ojú rẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi. Mo pẹ́."

"O ò pẹ́. Kọ ọ́."

Ó ṣí ìdérí bírò náà. Akínsànyà. Orúkọ náà gùn, kò sì yẹ̀. Ó kọ Ràṣídì, ó rọra kọ ọ́ kó gún. Àbídèmí. Táyé. Kẹ́hìndé.

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Mo fẹ́ kọ ọ́."

"Kọ Moríyọ̀. Kó o kọ èyí tí wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀ náà tì í."

"Màríámù?"

"Kọ méjèèjì, kí Ọlọ́run má baà máa wá ọ kiri."

Ó kọ méjèèjì. Ọkùnrin tó gbé apẹ̀rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó ń gbé èkejì.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, apẹ̀rẹ̀ ń kọjá o."

"Ẹ fara balẹ̀, sà," ni Moríyọ̀ wí. "Ó ku ẹnì kan."

Ìyá rẹ̀ ń wo ẹnu bírò náà bó ti ń lọ. "Èwo lo kọ kẹ́yìn yìí?"

"Àbẹ̀kẹ́."

"Ta ló ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́?"

"Ìyá Ràṣídì."

Ìyá náà tẹ orí sórí bébà náà, ó ń wo lẹ́tà tí kò mọ̀, bí ènìyàn ṣe ń wo ojú àlejò tó ti rí níbì kan rí.

"Ṣé orúkọ rẹ̀ nìyẹn," ló wí jẹ́jẹ́. "Tún un kọ kó tóbi. Ojú Fíkà ò ríran dáadáa mọ́."

Moríyọ̀ tún un kọ, ó tẹ bírò mọ́ ọn. Wọ́n ká bébà náà, ìyá fúnra rẹ̀ ló jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ sì lọ. Orin tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tó kọ̀wé, ó ń yí i síwá sẹ́yìn lórí itan rẹ̀, títí ìka rẹ̀ fi kan nǹkan líle kan nínú ìṣẹ́po apá aṣọ náà. Ó yọ ọ́ jáde. Hóró ìrẹsì kan ni, tí wọn ò tíì sè.

"Ìrẹsì ta rèé?"

Moríyọ̀ wò ó lórí àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀. Níwájú, Fíkà ti wọ jígí rẹ̀, ó ti ṣí bébà àkọ́kọ́.

"Tiyín ni, Màámi," ló wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ́ tiyín."