Jeannine Kò Kọ̀wé Fiṣẹ́ Sílẹ̀

"Ìyáàfin Michaud, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi dáadáa?" ni ohùn inú fóònù béèrè.

"Mò ń gbọ́ yín, sà." Jeannine gbé fóònù náà sórí tábìlì ìdáná, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú.

Armand Cyr jókòó síwájú rẹ̀, ó ń mu kọfí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni àwọn méjèèjì fi ṣiṣẹ́ pọ̀ nílé iṣẹ́ bàtà etí odò, Armand ń gé awọ, Jeannine ń rán an. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé lóṣù kejì ọdún, Armand rí owó ìrànwọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà ń fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn gbà. Àmọ́ lẹ́tà tí wọ́n kọ sí Jeannine sọ pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí sẹ́ǹtì kan, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ojú ti obìnrin náà. Ó ká lẹ́tà náà, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ó ní kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Armand ló yọ ọ́ jáde.

"Jeannine, ṣé ò ń tọrọ ni? Gbogbo ọdún tá a fi ṣiṣẹ́ ni ilé iṣẹ́ ń dáwó yìí sílẹ̀ nítorí irú ọjọ́ báyìí. Ka ìsàlẹ̀ ìwé yẹn. Ọjọ́ tí àǹfààní àti pẹjọ́ máa parí wà níbẹ̀."

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré nígbà tó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ọ̀gbẹ́ni Haskell, ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà lórí fóònù, kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ Brooke, ọmọbìnrin tó ṣojú ilé iṣẹ́.

"Ó fọwọ́ sí i pé òun fiṣẹ́ sílẹ̀, sà," ni Brooke wí. "Ìwé ọ̀hún wà lọ́wọ́ mi."

"Ṣé òótọ́ ni, Ìyáàfin Michaud?"

"Mo fọwọ́ sí i, sà, mi ò ní purọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ àwa tá a ń rán bàtà ń lọ sí ilé iṣẹ́ wọn kejì. Wákàtí méjì ni ọkọ̀ ń rìn débẹ̀, ojú mi ò sì gbé wíwa ọkọ̀ nínú yìnyín mọ́. Mo ní mi ò lè lọ."

"Bí ẹ ò ṣe lọ yẹn, ṣé iṣẹ́ ṣì wà fún yín níbí?"

Jeannine wo Armand. Armand tẹjú mọ́ kọfí rẹ̀.

"Sà, wọ́n ti gbé maṣíìnì mi sínú tírélà kí wọ́n tó fún mi ní bírò. Àga mi nìkan ló kù nílẹ̀."

Lẹ́yìn náà, Ọ̀gbẹ́ni Haskell bi Brooke pé kí ni wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ yàn nínú ìwé náà.

"Nǹkan méjì ni, sà. 'Mò ń bá iṣẹ́ lọ' tàbí 'Mo fiṣẹ́ sílẹ̀.'" Ohùn ọmọbìnrin náà rọlẹ̀. "Kò sí ẹ̀kẹta."

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, lẹ́tà dé: Jeannine ló jàre. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kà á lórí ìdúró.

"Ṣé mo sọ fún ẹ?" ni Armand wí.

"Lọ́jọ́ ẹjọ́, o ò sọ nǹkan kan. Kọfí mi lo mu tán."

Lọ́jọ́ Àìkú, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti dáhùn ìbéèrè tí ìjọba ń bi àwọn tó ń gba owó náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé ara rẹ le láti ṣiṣẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé o wá iṣẹ́? Ó kọ orúkọ ibi mẹ́ta tó ti béèrè. Ṣé o ṣe iṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún? Ó dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́bọ̀, ó gé ẹsẹ̀ aṣọ ijó fún ọmọ aládùúgbò rẹ̀, wọ́n sì san ogójì dọ́là fún un. Aṣọ méjì mìíràn ti wà lórí àga báyìí, àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà ló kó wọn wá.

"Ta ló rí ẹ?" ni Armand béèrè.

"Èmi rí ara mi."

"Wọ́n á yọ nínú owó ẹ o."

"Kí wọ́n yọ ọ́."

Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì kọ ogójì dọ́là sí i. Wọ́n tún bi í pé irú iṣẹ́ wo ni. Jeannine ronú díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kọ ọ́: aránṣọ.