Eku Tó Di Ènìyàn

"Kò sáyè, Ìyá Kabirat," Dókítà Gbénró wí, ó sì di ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ mú bí ẹni pé a fẹ́ jí i gbé.

Lóòótọ́, àyè kò sí. Eku ló jókòó sẹ́yìn: eku funfun nínú àgò wáyà, tí a fi bẹ́líìtì dè mọ́ àga bí ìyá ọkọ tó ń lọ sí Mẹ́kà. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí wọn lára. Ó tutù débi pé, bí ẹ bá da ọ̀sà Èkó sínú mọ́tò yẹn, àáké lẹ ó fi gé e jáde. Kabirat wà léjìká ìyá rẹ̀, Rasheedat, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń ta adìyẹ, níta, nídìí àgò wa ní Kétu, ara rẹ̀ ń jó bí iná, ó ń mí bíi fèrè tó ti là. Gbogbo ọlọ́kadà ti sá fún wọn. Wọ́n ní ilé lùkúlùkú, àrùn adìyẹ, ni.

Lùkúlùkú yẹn ló pa adìyẹ Rasheedat tán, ó pa ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ó dá Rasheedat náà dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n òun dìde. Ìgbà náà ni Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í ti Magodo wá pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ Rasheedat kún fún ṣọ́jà tó ṣẹ́gun àrùn. Kọ̀ǹpútà òun yóò wo ìrísí wọn, yóò fi tún ṣọ́jà tí wọ́n mú lára eku rọ di oògùn, kí ara wa má bàa kọ̀ ọ́.

"A ó sọ ti eku di ti ènìyàn," ló wí.

Mo bi í bóyá eku náà yóò dìbò. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Rasheedat pàápàá, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lápá. Ẹ̀jẹ̀ tí ọkùnrin yẹn gbà, bí a bá dà á sódò Ògùn, gbogbo ẹja ibẹ̀ á máa pe Rasheedat ní màmá.

Ọ̀nà ọsibítù gan-an ló ń lọ lọ́jọ́ yìí. Rasheedat kúnlẹ̀ sínú ìyẹ́ adìyẹ, ó bẹ̀ ẹ́ kó já àwọn sẹ́nu géètì. Dókítà ní ikọ́ ọmọ náà kò gbọdọ̀ kan àwọn eku òun.

"Gbogbo aráyé ni mo ń ṣiṣẹ́ yìí fún."

Mo ní, "Dókítà, ṣé Kabirat kò sí nínú aráyé ni?"

Ó yí gíláàsì sókè.

Ọmọlanke tí a fi ń kó adìyẹ ni mo fi gbé ọmọ náà. Mo sáré gba Ìkòsì, mo ń ké bíi pé ọ̀run ń ya bọ̀. Nígbà tí a dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì kàn fi ìborí ìyá rẹ̀ bò ó lójú ni.

A kò tíì ṣe fídáù tí Dókítà fi tún dé, tòun ti mílíìkì alágolo. Ó kí Rasheedat kú ọ̀fọ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà ṣì ń wá nǹkan kan, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ péré ló kù.

Rasheedat ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó wo abẹ́rẹ́ náà títí.

"Àwọn eku yín ńkọ́, sà?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà."

Ó fa apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ lọ gba tiwọn. Ṣebí wọ́n ti di ènìyàn."