Omi Tí Wọ́n Ń Bu Sí Ọ̀dúndún Kẹ́hìndé

Òórùn ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀, kí Dùnmínínú tó kúnlẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé mi láti Jos ni, ẹsẹ̀ mi ṣì wú. Láti ojú ọ̀nà ni mo ti ń rò ó pé bí mo bá ti dé, n ó fa atẹ́gùn Adó símú dáadáa, torí ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ ẹ kù. Mo fà á símú lóòótọ́. Díẹ̀ ló kù kí n bì.

“Ṣé eku ló kú síbí ni?”

“Ẹ káàbọ̀ sí ulé, Màmá Jos.” Dùnmínínú ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè. “Kì í ṣe eku, mà.”

Dùnmínínú ni àbígbẹ̀yìn Kẹ́hìndé, ìkejì mi, ẹni tó rán mi pé kí n lọ tọ́ ayé wò. Kẹ́hìndé ti lọ, ó di ọdún márùn-ún, ìrántí rẹ̀ ni mo tìtorí ẹ̀ wá; ọjọ́ Sátidé la fẹ́ ṣe é. Àkọ́bí rẹ̀, Bámgbóyè, wà ní Kánádà. Fúnkẹ́mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Dùnmínínú tó jẹ́ tíṣà nìkan ló dúró ti ilé ìyá wọn ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó.

Iwájú ilé náà la sin Kẹ́hìndé sí. Bámgbóyè fowó ránṣẹ́, wọ́n fi táìlì bo sàréè náà. Níbi orí rẹ̀, bíríkìlà mọ àpótí kọnkéré kan, ó fi táìlì bò ó nínú lóde, wọ́n da erùpẹ̀ dúdú sí i, wọ́n sì gbin ọ̀dúndún Kẹ́hìndé síbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé bàbá wa ní Ìyìn ló ti gé e nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Ibi gbogbo tó kó lọ, ó ń gbé e kiri. Ewé tó nípọn, tó kún fún omi, tó tutù lọ́wọ́ bí etí àgbo láàárọ̀. Bí mo bá pa ojú dé níhìn-ín ní Jos, mo ṣì ń rí ìkejì mi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

Ohun tí mo bá lọ́jọ́ náà kì í ṣe ewé mọ́. Orí rẹ̀ nìkan ló ṣì tutù. Gbogbo ìsàlẹ̀ ti pọ́n, ó ti rọ̀ jọ̀gọ̀jọ̀gọ̀. Mo fi ìka kan ewé kan báyìí, ó yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ikun imú, ó sì ń fà. Eṣinṣin wẹ́wẹ́ bo erùpẹ̀, omi dúdú dúró lé e lórí, ó ń hó. Mo nu ọwọ́ mọ́ ògiri, mo tún nù ún mọ́ koríko. Pàbó.

“Ta ló ṣe báyìí sí i?”

Kó tó dáhùn, fóònù rẹ̀ dún. Bámgbóyè ni, ó pè wá sórí fídíò.

“Ṣé Màmá Jos ti dé? Ẹ kú ìrìnàjò, mà. Dùnmí, jẹ́ kí n rí òdòdó Màmá.”

Dùnmínínú kọjú fóònù sí orí ewé tó ṣì tutù yẹn nìkan. Ó ti mọ ibi tí yóò gbé e dé.

“Ó dáa. Bu omi sí i kí n rí i.”

Ike kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. Ó bu omi, ó dà á sórí ewé. Omi náà ò ríbi gbà.

“O ṣé. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún ọ o: tí nǹkan bá ṣe òdòdó yẹn, ayálégbé ni màá kó sínú ilé yẹn, màá sì gba ẹni tó mọ ìtọ́jú.”

A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí Fúnkẹ́mi náà fi pè. Ó ní òun lá àlá Màmá. Ó ní kí wọ́n bu omi sí i. Dùnmínínú tún bù ú.

Mo gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ ọ̀dúndún ní odò lílúwẹ̀ẹ́ ni?”

“Mo mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù, mà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pè tí mi ò bù ú, wọ́n á ní mi ò ka Màmá sí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń dé. Tí wọ́n bá bá a báyìí, wọ́n á ní èmi ni mo pa á. Níbo ni mo fẹ́ lọ, Màmá Jos?” Ó ń sunkún, ó tún ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo imú.

Omi ṣekárími ni wọ́n ń bù. Mo ní kó wá ọ̀bẹ tó mú, kó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kó sì bu eérú wá lọ́dọ̀ ẹni tó bá ń fi igi dáná ládùúgbò.

A fà á tu. Mo ti wẹ òkú rí láyé mi, n kò rí irú èyí. A di gbòǹgbò mú, awọ rẹ̀ bọ́ sí wa lọ́wọ́, ó ku fọ́nrán inú. Omi ìsàlẹ̀ àpótí ń rùn bí omi tí wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́ sí tí wọ́n gbàgbé. Ìdin ń yí nínú rẹ̀. Dùnmínínú sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó lọ bì.

“Bì í tán o, ọmọ mi. Iṣẹ́ ṣì kù.”

Mo gé igi ọ̀dúndún kan, inú rẹ̀ pọ́n. Mo nu ọ̀bẹ, mo gé e sókè sí i, àmì pupa ṣì wà láàárín. Ibi tí àmì yẹn bá kù sí, ibẹ̀ ni yóò ti máa rà lọ. Nínú gbogbo igbó ọ̀dúndún yẹn, orí mẹ́ta péré la rí tí inú wọn mọ́. Mo já ewé ìsàlẹ̀ wọn, mo fi eérú sí ojú ibi tí mo gé, mo tẹ́ wọn sórí páànù níbòòji.

“Ṣé a ò ní í gbìn wọ́n nísinsìnyí?”

“Ta ló ń ki egbò tútù bọ ẹrẹ̀? Jẹ́ kó gbẹ ná. Tí o bá máa gbìn ín, ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu ni kó o wá, kí iyanrìn sì pọ̀ nínú erùpẹ̀ rẹ̀. Máa tìka bọ̀ ọ́. Tó bá ṣì tutù, má bu nǹkan kan sí i. Ọjọ́ tó bá sì máa mumi, ìdí ni kó o bù ú sí, má dà á lé ewé lórí.”

Fóònù tún dún. Bámgbóyè fẹ́ mọ iye àga tí wọ́n máa gbà. Kó tó kúrò lórí ẹ̀, ó tún ní kí òun rí òdòdó.

Dùnmínínú nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. Ó wo orí mẹ́ta tó wà lórí páànù. Mo rò pé ìyẹn ni yóò fi hàn án. Inú bàsíà tí a kó ewé tó ti rà náà sí ló gbé fóònù dé.

“Kí nìyẹn? Dùnmí, kí nìyẹn? Gbé e kúrò!” Ó di imú mú ní Kánádà.

“Omi yín ni, bọ̀ọ̀dá mi. Èyí tí ẹ ní kí n bù lónìí, èyí tí Àǹtí Fúnkẹ́mi ní kí n bù. Gbogbo rẹ̀ nìyí. Kò ríhò jáde nínú àpótí yín.”

“O ti pa á nìyẹn.”

“Ó ku mẹ́ta. Mi ò sì ní í bu omi fún fóònù mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ kó ayálégbé wá, ẹ kó wọn wá, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá bá mi kó èyí dànù.”

Bámgbóyè ní kó gbé fóònù fún mi. Mo ní ọwọ́ mi ń rùn.

Bámgbóyè dé lọ́jọ́ Jímọ̀, òun àti Fúnkẹ́mi. Kò kí ẹnikẹ́ni tán tó fi ká ṣòkòtò sókè, ó wá òòlù, ó lu ìdí àpótí tó náwó lé lórí. Táìlì fọ́, omi dúdú tú jáde, ó bò ó lẹ́sẹ̀ títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Fúnkẹ́mi pariwo, ó sá bọ́ sójú títì pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Bámgbóyè dúró gbagidi, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Dùnmí, jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fi ń fọ nǹkan yìí?”

“Ọṣẹ ni, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ máa fọ̀ ọ́ tó ìgbà mẹ́ta o. Ẹ wọlé tẹ́ ẹ bá ṣe tán, mo ti se oúnjẹ sílẹ̀ nínú ilé mi.”

Ilé mi, ló wí. Bámgbóyè gbọ́ ọ, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun wá ọṣẹ.