Òwú Inú Kọ̀ǹpútà

Olùkọ́ ni ìyàwó kan, orí bẹ́ẹ̀dì ló sì ti máa ń kọ ìbéèrè ìdánwò sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì, ìyá ọkọ rẹ̀ ló dá lẹ́bi, torí pé orí rẹ̀ ni Màmá ti máa ń pe ọmọbìnrin wọn tó wà lókè òkun, kí wọ́n lè rí ojú rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ ti fẹ́ bà á jẹ́."

Láti ọjọ́ náà, Màmá ò sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà mọ́.

Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà ò yé kú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó tún kú, ìyàwó gbé e kúrò lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì, abẹ́ rẹ̀ sì gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Ó yí i dojú dé. Òwú bùláńkẹ́ẹ̀tì ti dí gbogbo ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò kú.

Ojú tì í débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, ì bá kó sí i. Ó gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Màmá, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mò ń bà á jẹ́, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ṣé ó ti dáa báyìí?"

"Ó ti dáa, mà."

"Ọpẹ́ ni. Mo sọ fún ọmọbìnrin mi lórí fóònù pé ojú tó ń dùn mí ni ò jẹ́ kí n pè é lórí kọ̀ǹpútà mọ́. Mi ò fẹ́ kó bínú sí ẹ."

Ìyàwó ò lè gbórí sókè. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ló ti fi kọ̀ǹpútà pe ọmọ náà fún Màmá, ó sì rọra jáde.