Èèrà Tó Wọ Bàtà

Èmi Imorou yìí, mo ti jẹ òyìnbó mẹ́tàdínlógún láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi ìbọn àgbá méjì tayín, ebi ṣì ń pa mí. Nínú sinimá ni o. Èèrà kan wà nínú fíìmù náà tó ga ju igi àràbà lọ. Èmi ni mo wà nínú rẹ̀.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún Ìyá Wàsílátù nìyẹn. Ó ti ní òun ò ní fọmọ fún ọkùnrin tí òun ò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ wo ni mo sì ní? Látìgbà tí ọkọ́ ti gé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sọnù lóko iṣu ní Koko, mi ò kọ ebè mọ́. (Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé ìka náà lọ sin.) Mo lọ sí Cotonou, mo ń ru àpò ìrẹsì fọ́dún mẹ́ta. Nígbà tí mo dé, mo ní sinimá ni mò ń ṣe.

Mo ti rí fíìmù èèrà náà ní Savalou, oorun sì gbé mi lọ kó tó dé ìdajì. Mo rò pé irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ ò ní dé Bantè tiwa láéláé. Àfi bí Tìjání, ará Nàìjíríà tó ń ta epo ọkọ̀ létí títì, ṣe gbé e dé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó ta aṣọ funfun mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyá Wàsílátù ní kí n jókòó ti àwọn. Bí òun bá rí mi nínú iṣẹ́ mi, kí àwọn èèyàn mi wá tọrọ ọmọ lọ́jọ́ Jímọ̀.

Èèrà wo? Asẹ́ ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀, ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ṣe irun ẹnu rẹ̀, okùn tó ń fà á sì hàn ju àwọn òṣèré lọ. Bó bá ń rìn, ikùn rẹ̀ á máa ká bí ẹní àlòkù. Dókítà òyìnbó kan dúró síwájú rẹ̀, ó ń tú Faransé sílẹ̀ títí, èèrà náà sì ń dúró dè é kó parí ọ̀rọ̀ kó tó pa á jẹ. Èèrà tiwa kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan ṣubú níbi tí kò sí òkúta, ó jókòó síbẹ̀ ó ń ké. Ewúrẹ́ ilé wa ì bá ti sá dé Tchetti.

Mo sọ sétí Wàsílátù pé mo ti kìlọ̀ fún wọn nípa okùn yẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi balẹ̀.

Ni èsúnsún bá dé. Ìmọ́lẹ̀ sinimá ló pè wọ́n jáde nínú ilẹ̀ tútù. Kálukú sáré wá abọ́ omi. Lójú aṣọ, kòkòrò ń jẹ èèyàn. Níwájú aṣọ, èèyàn ń kó kòkòrò jẹ. Tìjání ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó, bẹ́ẹ̀ òun náà ti ń kó tirẹ̀ sínú fìlà.

Ìyá Wàsílátù mú ìgbálẹ̀, ó lọ dúró ti aṣọ náà gan-an, ó ń gbá èsúnsún sínú abọ́. Ibẹ̀ ló wà tí àwọn sójà fi yìnbọn fún èèrà. Èèrà ṣubú, ó kọjú sọ́run, bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn sì yọ, ó tóbi bí ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú Ìyá Wàsílátù.

Ó dáwọ́ gbígbá dúró. “Imorou, ṣé ẹsẹ̀ rẹ nìyí?”

“Ẹsẹ̀ mi ni, Ìyá.”

Razack tó ń tún alùpùpù ṣe ní ẹsẹ̀ náà funfun jù. Mo ní iná sinimá ló sọ ọ́ di funfun, ṣé kò rí i pé ẹyẹ ìwò pàápàá funfun nínú fíìmù náà ni? Àwọn èèyàn ní òótọ́ ni. Ìyá Wàsílátù ò bá mi jiyàn. Ó fi ìdí ìgbálẹ̀ kan àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún.” Ó yíjú sí mi. “Bọ́ bàtà rẹ.”

Mo wo Wàsílátù. Ó ti fọwọ́ bojú.

Mi ò bọ́ ọ. Mo sá ni. Ẹrẹ̀ ló bá mi bọ́ ti ọ̀tún níwájú ṣọ́ọ̀bù Tìjání, ipa ìka mẹ́rin sì ń tẹ̀ lé mi títí dé ọ̀nà Akpassi.