Orúkọ Tí Sẹ́wánù Fi Ṣèdánwò

Ẹni tó bá ní kí n má bínú, kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tán ná.

Èmi Mùsítúrà, Ìséyìn ni wọ́n ti bí mi. Nígbà tí mo kó ike àti abọ́ tí mò ń tà dé Ajángbádì, mi ò mọ ọ̀nà Ọjọ́, mi ò mọ ti Ìbà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó pè mí ní àjèjì. Ìyá Sẹ́wánù tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tèmi, etí ọ̀sà níhìn-ín ni wọ́n ti bí baba tó bí baba ẹ̀, lódìkejì omi tí wọ́n ń wọkọ̀ lọ láti Ọjọ́. Òun ni gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Kútọnu. Ẹ̀gùn ni, kò dé Kútọnu rí láyé ẹ̀. Ẹ bá mi wo irú ayé yìí.

Ẹja yíyan ló ń tà ní Ìyànà-Ìbà. Ọkọ ẹ̀ ti kú tipẹ́, Sẹ́wánù sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó kù ú kù. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ọpọlọ ẹ̀ jí pépé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Nínú ìdílé wọn, òun ni yóò kọ́kọ́ jáde ní girama.

Nígbà tí ìyá ẹ̀ mú un lọ síléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà tó ń gba ọmọ wọlé rẹ́rìn-ín, ó ní Sẹ́wánù Húnsù ò ṣeé pè, àti pé ààyè ò tó, ọmọ onílẹ̀ làwọn á kọ́kọ́ gbà. Ó béèrè ẹni tó ni ilé tí wọ́n ń gbé. Bí tíṣà ṣe kọ Sẹ́wánù sílẹ̀ ní Abímbọ́lá Oyèbámijí nìyẹn, torí Bàbá Ládépọ̀ Oyèbámijí ni lánlọ́ọ̀dù wa. Bàbá ò janpata. Ó ní orúkọ kì í ṣe ẹ̀bà, béèyàn bá bù fún ẹlòmíràn níbẹ̀, kì í dín. Kì í ṣe Sẹ́wánù nìkan ni irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí láàárín àwọn Ẹ̀gùn àdúgbò wa, kò sì sí jìbìtì kankan nínú ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́, ojú fèrèsé ni yóò gbà wọlé.

Orúkọ méjèèjì gbé pọ̀ láìjà títí ó fi di ìdánwò àṣejáde.

Àwọn Ẹ̀gùn ní oríkì bíi tiwa. Bí ọmọ wọn bá fẹ́ ṣe ohun ńlá, wọ́n á kì í ní oríkì ìdílé baba ẹ̀, ọmọ náà á kúnlẹ̀, kí àwọn tó ti lọ lè mọ̀ pé ọmọ àwọn ló ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe Gẹ̀ẹ́sì, Sẹ́wánù ti sáré jáde kí ìyá ẹ̀ tó ti ọjà òwúrọ̀ dé. Ìyá bá se oúnjẹ, ó gbé e lọ bá a níléèwé lásìkò ìsinmi. Ó dúró lẹ́yìn irin ọgbà, ó gbóhùn sókè, ó ki ọmọ ẹ̀ láti orí baba ńlá wọn títí dé orí Sẹ́wánù Húnsù fúnra ẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ síbi tó wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣọlágbadé, alábòójútó ìdánwò tí wọ́n rán wá láti ibòmíràn, wà nítòsí. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n mú àwọn tó ń bá ọmọ ọlọ́mọ ṣèdánwò níléèwé kan, nítorí náà ojú ẹ̀ là sílẹ̀. Ó wo káàdì àyà ọmọ náà, Abímbọ́lá Oyèbámijí ló bá níbẹ̀. Ó bi ìyá pé kí ni orúkọ ọmọ ẹ̀. Inú obìnrin yìí ṣì ń dùn. Ó pe orúkọ náà fún un kedere, tọmọ ti baba.

Kí oòrùn tó rọ̀, a ti wà lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, èmi àti ìyá. Sẹ́wánù jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn káńtà, wọ́n ti bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ti pe prínsípà ẹ̀ lórí fóònù. Ó ní orúkọ tóun bá nínú ìwé ọmọ náà lòun ń pè é, òun ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mọ̀. Ta ni wọ́n rò pé ó ń yan ẹja tí wọ́n ń jẹ nílé ẹ̀?

Abọ́lá, ọlọ́pàá tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ ẹ̀, kì í ṣe èèyàn burúkú, ohùn ẹ̀ tutù. Mo to gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un, ó ní ó yé òun. Ó wá ní bó bá jẹ́ Sẹ́wánù ni, a jẹ́ pé orúkọ ẹlòmíràn ló fi ṣèdánwò, kóòtù ló ń lọ, wọn yóò sì wádìí bóyá ọmọ Nàìjíríà tiẹ̀ ni. Bó bá sì jẹ́ Abímbọ́lá ni, kí baba ẹ̀ wá mú un lọ, kó lọ ṣe ìṣirò láàárọ̀ ọ̀la. Mo ní ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì. Ó ní òun ò lè kọ ìyẹn sílẹ̀. Mo bi í pé tó bá jẹ́ èmi ará Ìséyìn ni mo ń jẹ́ orúkọ méjì ńkọ́.

“Mọ́mì, tiyín yàtọ̀,” ló fi dá mi lóhùn.

Ó ń dùn mí dòní.

Ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá Ládépọ̀ dé pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀. A ti bá a sọ̀rọ̀, ó ti gbà. Ó jókòó, ó ní ọmọ òun ni. Abọ́lá wá béèrè ìyá ọmọ. Ìyẹn la ò rò tẹ́lẹ̀. Bàbá wò mí, ó wo ilẹ̀: ẹni tó ti pe ọmọ náà ní Húnsù níléèwé ò ṣeé pè ní ìyàwó ẹ̀.

“Ìyá ẹ̀ ti kú,” ló wí.

Ìyá Sẹ́wánù wà lára ògiri lẹ́yìn ẹ̀, abọ́ oúnjẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Abọ́lá yíjú sí i, ó ní ta wá nìyí, ṣebí òun ló lóun bí i.

Sẹ́wánù dìde lẹ́yìn káńtà. Mo rí ẹnu ẹ̀ tó ń là, mo sì mọ̀ pé yóò sọ òótọ́, kí ìṣirò àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì máa lọ. Ìyá ẹ̀ náà rí i. Ó yára gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

“Ẹja ni mò ń tà fún wọn nílé, ọ̀gá. Ọmọ tèmi ti kú. Òun ló ń jẹ́ Sẹ́wánù. Mo rí ọmọ yìí, ó jọ ọ́, orí mi dàrú.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, ẹ mọ ohun tí obìnrin yẹn fi ẹnu ara ẹ̀ sọ. Èèwọ̀ ni nílé Yorùbá, èèwọ̀ ni nílé Ẹ̀gùn. Mo fẹ́ pariwo pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n bí mo bá la ẹnu, ọmọ ni mo tì sẹ́wọ̀n. Abọ́lá náà mọ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni nígbà tó ní kí Bàbá wá tọwọ́ bọ̀wé. Ó ní kí obìnrin ẹlẹ́ja má tún dé iléèwé yẹn mọ́ títí ìdánwò á fi parí.

Sẹ́wánù bá Bàbá lọ níwájú, bíi baba àtọmọ. Èmi àti ìyá ẹ̀ rìn lẹ́yìn títí a fi dé ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń to ike síta nígbà tí Sẹ́wánù jáde nínú aṣọ iléèwé. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Mo mọ ohun tó ń dúró dè. Ilé la wà, kò sí irin ọgbà níbẹ̀, kò sí alábòójútó kankan. Ìyá náà wo ojú títì, ó wo fèrèsé àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Dìde, Abímbọ́lá,” ló wí. “Ọkọ̀ á fi ẹ́ sílẹ̀.”

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí látọjọ́ tó ti bí i. Ọmọ náà ò dìde. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń retí kí ìyá ẹ̀ pe orúkọ ẹ̀, àkókò ìdánwò sì ń lọ. Ìyá wọlé, ó rọra tilẹ̀kùn.

Nígbà tó yá, ọmọ náà dìde fúnra ẹ̀, ó gbọn eruku orúnkún ẹ̀, ó lọ ṣe ìṣirò.