Iná Tó Ń Sá fún Mẹkáníìkì

Simon ti ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ eléérú náà láti aago méje àárọ̀, ó ń fa wáyà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Bushrah, olùkọ́ tó ni ọkọ̀, dúró tì í, ó ń wo aago. Ìyá rẹ̀, Ràmọ́tà, jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó kọjú sí oòrùn, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí ojú rẹ̀ ṣì ń rí ju ìmọ́lẹ̀ lọ.

Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú ọ̀hún ní ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbéra láti Ọ̀yọ́. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni iná tó ní àwòrán ẹ̀ńjìnì tàn níwájú Bushrah, tí ọkọ̀ ń wúkọ́, tí wọ́n ṣẹ́rí padà. Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ lórí fóònù pé bí wọ́n bá tún pàdánù tòní, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìyá kò sì ní wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀kan ti dojú dé mọ́ ọn rí.

"Ọ̀gá Simon, ṣé ẹ ti rí i?"

"Mi ò rí nǹkan kan. Mo ti fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì ti wà á dé ọjà Akẹ̀sán lẹ́ẹ̀mẹta. Kò tàn."

Mẹkáníìkì méjì ti ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ náà ṣáájú rẹ̀. Èkíní pààrọ̀ ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ̀ńjìnì. Èkejì pààrọ̀ èyí tí èkíní ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Bushrah kó méjèèjì tí wọ́n yọ wá nínú ọ̀rá. Simon yẹ̀ wọ́n wò. Kò sí ohun tó ṣe ìkankan nínú wọn. Ó di ọ̀rá náà, ó ní kí Bushrah tọ́jú rẹ̀, torí bí wọ́n bá sọ ohun tó dára nù, ara rẹ̀ kì í gbà á.

"Ibo gan-an ló ti máa ń tàn?"

"Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan. Mò ń gbé e lọ sí ilé ìwé lójoojúmọ́. Mo gbé e dé Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò tàn."

"Ta ló wà nínú ọkọ̀ nígbà tó tàn?"

"Èmi àti màámi."

"Nígbà tí kò tàn ńkọ́?"

"Èmi nìkan."

Simon yíjú sí orí bẹ́ǹṣì.

"Mẹkáníìkì, mo mọ̀ pé o ń wò mí," ni Ràmọ́tà wí. "Ṣé èmi ni púlọ́ọ̀gì ni?"

"Rárá, Ìyá. Mo ń bá yín lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni."

Ó lọ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó dé, Bushrah ń pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

"Kí lẹ tún ṣí i fún?"

"Màámi ló ṣàdúrà sí i. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn ká tó rìnrìn àjò."

Onítẹ̀bọmi ni Simon. Kò rí ohun tó burú nínú àdúrà. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sì gbéra ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Wọ́n kọjá Odò Ọbà, wọ́n já sínú kòtò kan, wọ́n tún já sí òmíràn. Iná tàn. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Ó ti dé," ni Ràmọ́tà wí, kò tilẹ̀ rí i.

"Ó dáa," ni Simon wí. "Ẹ dúró, kẹ́ ẹ pa ẹ̀ńjìnì."

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tírà mẹ́ta tí wọ́n fi awọ rán, tí wọ́n so pọ̀, rọ̀ dirodiro sórí wáyà ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́. Ìwúwo wọn ti fa ẹnu wáyà náà yọ dé ìdajì. Simon ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ìyá, kí lèyí?"

"Tírà mi ni. Má fọwọ́ kàn án o! O ò ṣe àlùwàlá."

"Mi ò kàn án. Ìgbà wo lẹ so ó?"

"Ìgbà tí o lọ fọ ọwọ́. Bí a bá ń rìnrìn àjò ni mo máa ń so ó."

"Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ọkọ̀ wá fún mẹkáníìkì ńkọ́?"

"Mo máa ń tú u ni! Ṣé kí n wá fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sílẹ̀ fún ọwọ́ tí epo bò?"

"Màámi!" Bushrah di orí mú.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ orí wáyà lẹ so ó mọ́?" ni Simon bi í.

"Wáyà ni? Ojú wo ni mo fẹ́ fi mọ̀? Ohun tí ọwọ́ mi bà ni mo so ó mọ́."

Simon wo aago. Mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní kí Bushrah bu omi fún ìyá rẹ̀. Ràmọ́tà jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń ṣe àlùwàlá, ó ń fọ ibi kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ìyá, ẹ̀ẹ̀kan ò tó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni."

Simon dúró títí ìyá fi parí. Ìyá tú tírà náà fúnra rẹ̀. Kò gbà kí Simon di ọwọ́ òun mú, nítorí náà ẹnu ni Simon fi júwe.

"Ẹ wá sọ́tùn-ún. Ẹ sún mọ́ iwájú. Irin gbọọrọ yẹn. Ẹ so ó mọ́ ọn, kó le."

"Ṣé irin nìyí?"

"Irin ni. Kò lè fa nǹkan kan já níbẹ̀."

Simon ti ẹnu wáyà wọlé títí ó fi dún kẹ́, ó fi okùn rọ́bà dè é, ó sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ pa iná náà. Bushrah ṣáná sí ọkọ̀. Ẹ̀ńjìnì dún dáadáa.

Kòtò tó kù lójú ọ̀nà kò kéré. Simon kò gbójú kúrò níbi tí iná náà ti máa ń tàn níwájú Bushrah.

"Ṣé ó ti tàn?" ni Ràmọ́tà bi í.

"Rárá, Ìyá."

"O rí i? Tírà mi ń ṣiṣẹ́."

Simon tún wo aago.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n wọ ọgbà ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń pe orúkọ Ràmọ́tà. Ìyá di apá ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n wọlé.

Simon ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ tẹ ẹnu wáyà náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò mira. Ó ya ìwé pélébé kan, ó kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ nǹkan kan mọ́." Ó fi há abẹ́ ohun tí ń nu gíláàsì. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó jáde ní géètì, ó sì na ọwọ́ sí ọ̀kadà àkọ́kọ́ tó ń bọ̀.

"Gáréèjì Ọ̀yọ́," ló wí, ó sì gùn ún.